Ètò ìlera wa: níbo ni iṣẹ́ onímọ̀ parí sí, níbo sì ni ti òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀?

Ará Abẹ́òkúta béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò adójútòfò ìlera tí òfin ọdún 2022 sọ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ni a ń sọ. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ pé òṣèlú ló ba ètò ìlera wa jẹ́, pé ká ní wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé àwọn dókítà àti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé lọ́wọ́ ni, tí àwọn aṣòfin àti gómìnà sì yẹra, a ì bá ti kúrò níbi tí a wà yìí tipẹ́. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú dá a lóhùn pé àwọn onímọ̀ yẹn kò tò sórí ìlà rí ní ilé ìwòsàn ìjọba, àti pé owó tí wọ́n bá ní kí òun san, òun ni yóò wá a, kì í ṣe àwọn. Nítorí náà, ẹni tí òun dìbò fún ló yẹ kí ó bá òun jókòó sọ ọ́.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ìmọ̀ kò wọ́n wa rárá. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé owó tí aláìsàn ń yọ láti inú àpò ara rẹ̀ ju ìdá 70 nínú 100 gbogbo owó tí a ń ná sórí ìlera lọ. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé 97 nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Síbẹ̀, òfin ìlera àpapọ̀ tí ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí ní 2011 kò rí ìbuwọ́lù, wọ́n tún gbé e padà wá, ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2014 kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó buwọ́ lù ú. Òfin náà ní kí wọ́n máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó di 2018 kí owó náà tó kọ́kọ́ fojú hàn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 55 bílíọ̀nù náírà.

Kí ló wá dé? Ṣé òṣèlú ni kí a lé jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìlera ni, tàbí àwọn onímọ̀ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè, ará wa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo fẹ́ tako ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn. Kò sí ìgbà kan rí ní Nàìjíríà tí a gbé ètò ìlera lé onímọ̀ lọ́wọ́ tí òṣèlú kò sí nídìí rẹ̀, àní ní ìgbà tí ó dára jù lọ pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká wo ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ó kọ́ àwọn dókítà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó, ó sì jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 títí di 1992. Ohun tí ìmọ̀ rẹ̀ fi yé e hàn gbangba: ìgbẹ́ gbuuru, ibà, èéyi àti òtútù àyà ló ń pa àwọn ọmọ wa, kò sì sí èyí nínú wọn tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ńlá ló kọ́kọ́ nílò. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá lè pò fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú ìyá àti omi tó mọ́ ni yóò gba ẹ̀mí wọn là, ìtòsí ilé wọn sì ni ó yẹ kí wọ́n ti rí ìtọ́jú gbà. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fẹnu kò lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ìlú Alma-Ata ní 1978. Ní 1986, ó fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀. Ní 1988, Nàìjíríà ní ìlànà ìlera àpapọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1992, wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó ìlera alábọ́dé sílẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo sì lè jẹ́rìí pé a rí ìyàtọ̀. Àwọn ìyá tó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ti ń kú lọ ni wọ́n máa ń gbé e wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá nígbà tí ara rẹ̀ le.

Ṣùgbọ́n ta ló fún un láyè? Ìjọba ológun ni. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò sí aṣòfin kan tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí lọ́kàn padà, kò sì sí gómìnà tí a dìbò yàn tí yóò bi í léèrè ìdí tí owó fi ń lọ sí abúlé dípò kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá olú-ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yá. Ìdí náà nìyẹn tí kò fi tọ́jọ́. Nígbà tí ó kúrò, kò sí ẹgbẹ́ kankan láàárín ìlú, ì báà ṣe ti ọlọ́jà tàbí ti àgbẹ̀, tí ó rí ètò náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tirẹ̀ tí yóò jà fún. Ní àwọn ọdún 1990 tó kù, iye ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára já wálẹ̀ gidigidi. Mo rí fìríìjì tí a fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ tó dákẹ́ tí kò sí ẹni tó tún un ṣe, mo sì rí àwọn ìyá tó rìn wá láti oko tó jìn, tí a ní kí wọ́n padà lọ lọ́wọ́ òfo. Wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò bínú sí, nítorí kò sí ẹni tó bá wọn dúnàádúrà rẹ̀ rí. Ẹ̀bùn ni wọ́n kà á sí, ẹni tó bá sì fún ènìyàn ní ẹ̀bùn lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú.

Ní ti òfin 2014 tí ẹ mẹ́nu bà, òótọ́ ni pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú nìkan kọ́ ló dá a dúró. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera wà nídìí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, ti àbádòfin náà lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù, ìyẹn nọ́ọ̀sì, apoògùn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò àti àwọn mìíràn tí wọ́n para pọ̀ di JOHESU, tako àwọn apá kan nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ní ó gbé àṣẹ lé dókítà nìkan lọ́wọ́. Ìjà náà kò sì tíì tán títí di òní: ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn, ta ni yóò jẹ́ mínísítà, báwo ni owó oṣù dókítà ṣe gbọ́dọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ tó. Ní 2018, JOHESU yanṣẹ́ lódì fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn aláìsàn ló sì jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi ń jà. Èyí ní ìlera aláìsàn ló ń jẹ òun lógún, ìkejì náà ní bẹ́ẹ̀ ni tòun rí. Mo wà nínú ẹgbẹ́, mo san owó ẹgbẹ́, mo sì gbà pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń bèèrè tọ́ sí wa. Síbẹ̀, ìbéèrè nípa ẹni tí yóò jókòó lórí àga kì í ṣe ìbéèrè ìṣègùn. Òṣèlú ni, òṣèlú tó wọ aṣọ funfun, ó sì le ju ti àwọn tí a dìbò yàn lọ lọ́nà kan, nítorí pé àwọn yẹn yóò padà wá bẹ ìlú fún ìbò, àwa kì í wá.

Bí ẹ bá wá bi mí ní ohun tó yẹ kí á gbà lẹ́nu onímọ̀, màá ní kí ó sọ fún wa bí nǹkan yóò ṣe rí. Bí a bá ń gba owó lọ́wọ́ aboyún ní ẹnu ọ̀nà, irú àwọn wo ni kò ní wá mọ́? Bí ètò adójútòfò bá jẹ́ wọlé-bó-wù-ọ́, tí àwọn tí ara wọn kò yá nìkan wá wọ̀ ọ́, ìgbà wo ni owó yóò tán? Wọ̀nyí ní ìdáhùn tí a lè wádìí, olóṣèlú tó bá sì fọwọ́ rọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ń ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n bóyá ó yẹ kí ẹni tó ní lọ́wọ́ san díẹ̀ sí i kí ọmọ ẹni tí kò ní lè gba ìtọ́jú, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi ìyẹn hàn.

Ẹ wo bí òfin 2014 ṣe pín owó ìdá 1 yẹn: ìdá 50 nínú 100 lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò, láti fi san owó ìtọ́jú tó kéré jù tó tọ́ sí gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìdá 20 jẹ́ ti oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, ìdá 15 jẹ́ ti ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, ìdá 10 jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, ìdá 5 jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Onímọ̀ lè ṣírò ohun tí ìdá 10 lè ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n pé kí ó jẹ́ 10 kì í ṣe 20, ìlú ló yẹ kó pinnu rẹ̀, ní gbangba, kí ẹni tó pinnu sì fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní London dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, ìyá wa. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yín sì bá ìtàn ilẹ̀ yìí mu ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ.

Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́nà àìtọ́, àwọn dókítà ló máa ń kọ́kọ́ kígbe. Ní 1948, àwọn dókítà gan-an ni kò fẹ́ ẹ. Ní oṣù kejì ọdún náà, ẹgbẹ́ wọn, BMA, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tó dìbò ló sì tako òfin náà. Aneurin Bevan tó jẹ́ mínísítà ìlera kì í ṣe dókítà. Ọmọ awakùsà ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti wọ inú ihò èédú lọ ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó bá wọn dúnàádúrà. Ó gbà kí àwọn dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn máa tọ́jú aláìsàn tó ń san owó fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìjọba, ó sì fi àwọn dókítà àdúgbò lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò ní sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìbò àwọn onímọ̀ ni wọ́n fi pinnu rẹ̀ ni, NHS kò ní sí. Ìdúnàádúrà yẹn náà sì ní àbùkù tirẹ̀ tí a ṣì ń rí lónìí, nítorí pé ẹni tó lówó lè sanwó láti tètè rí dókítà kan náà tí ẹlòmíràn ń dúró dè fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yin òṣèlú jù. Ní 1999, wọ́n dá àjọ kan tí à ń pè ní NICE sílẹ̀, kí àwọn onímọ̀ lè máa wo oògùn tuntun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn àǹfààní rẹ̀ mọ́ owó rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọdún kan tí aláìsàn yóò fi gbé ní àlàáfíà bá ná ju 20,000 sí 30,000 pọ́n-ùn lọ, ó máa ń ṣòro fún wọn láti fọwọ́ sí i. Ìdájọ́ tó le ni, pàápàá fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ, àwọn ìwé ìròyìn a sì máa gbé àwòrán àwọn tí wọ́n fi oògùn dù jáde. Nígbà ìdìbò ọdún 2010, David Cameron, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn ìdìbò náà, ṣèlérí owó àkànṣe fún oògùn jẹjẹrẹ, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ nígbà tó dé ipò: oògùn tí NICE kọ̀, owó náà lè san án. Ó gbajúmọ̀ gan-an. Títí di 2016, nǹkan bí 1.27 bílíọ̀nù pọ́n-ùn ló ti bá a lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá yẹ̀ ẹ́ wò ní 2017, ó hàn pé nínú ìlò oògùn 47 tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, 18 péré ni ẹ̀rí wà fún pé ó fi kún ọjọ́ ayé aláìsàn, tí iye tó wà láàárín gbùngbùn sì jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àwọn tí owó yẹn ì bá ràn lọ́wọ́, ìyẹn àwọn arúgbó tó nílò olùtọ́jú àti àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, kò sí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn. Ó dùn mí, nítorí mo mọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lójúkojú.

Ohun kan tí NICE ṣe tí mo fẹ́ kí ará Abẹ́òkúta mú lọ sí ìpàdé wọn nìyí. Ní 2002, wọ́n kó ọgbọ̀n ará ìlú lásán jọ sí ìgbìmọ̀ kan. Wọn kò ní kí wọ́n sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Irú ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n ni bóyá ó yẹ kí a ka ọjọ́ orí aláìsàn sí, tàbí kí a fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ní ipò àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ju agbára ìmọ̀ tiwọn lọ, wọ́n sì gbé e fún ẹni tó ni ín.

Mẹkáníìkì, Òṣogbo dáhùn:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ yẹn ni mo dúró sí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ adójútòfò ìlera ní 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tiwọn rọrùn, nítorí wọ́n lè yọ ọ́ lára owó oṣù. Àwa tí a ń jẹ ohun tí a bá rí lóòjọ́, wọ́n ní kí a san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a bá sì lọ́ra, wọ́n á ní a kò lajú.

Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í dúró jẹ níbẹ̀. A ti dá owó fún oríṣiríṣi ètò tó wọlẹ̀ lójú wa, kì í ṣe pé a kò mọ ohun tí ìnṣọ́ránsì jẹ́. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé: bí mo bá gbé ọmọ mi dé ilé ìwòsàn ní òru, ṣé dókítà yóò wà, ṣé oògùn yóò wà, tàbí wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé kí n lọ rà á níta? Ẹgbẹ́ wa lè máa gba owó náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe àjọ. Kò sí onímọ̀ tó wá bi wá léèrè rí. Ìmọ̀ ni èyí tí mo ń sọ yìí náà, ẹ jọ̀wọ́.

Apoògùn, Houston dáhùn:

Mo gba ọ̀rọ̀ arákùnrin wa láti Òṣogbo, mo sì fẹ́ fi ohun tí mo ń rí ní Texas tì í lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2010, Ààrẹ Obama buwọ́ lu òfin ìlera Amẹ́ríkà. Òfin náà ní kí àwọn ìpínlẹ̀ fẹ Medicaid, ìtọ́jú ìjọba fún aláìní, kí ó lè kan gbogbo àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá wù ú ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ru ìdá 90 nínú 100 owó náà, ìwádìí lórí ìwádìí sì ti fi àǹfààní rẹ̀ hàn. Texas kò ṣe é. Ìpínlẹ̀ yìí ló ní iye ènìyàn tí kò ní adójútòfò tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ní iye gan-an àti ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta oògùn níbí mọ àwọn tó ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọgbọ̀n ọjọ́ lo ọgọ́ta ọjọ́. Kò sí ìwádìí kan tó kù tí a lè ṣe tí yóò yí èyí padà. Ìbò nìkan ló lè yí i.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà ṣe ohun kan tí kò bójú mu sí mi. Nínú òfin kan náà, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan sílẹ̀, IPAB, láti máa wá ọ̀nà tí owó Medicare, ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, yóò fi dínkù bí ó bá ń pọ̀ jù, kí ìpinnu rẹ̀ sì lè múlẹ̀ àyàfi bí ilé aṣòfin bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èrò wọn ni pé àwọn aṣòfin kò lè ní ìgboyà, nítorí náà kí a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn. A kò yan ẹnì kan ṣoṣo sínú ìgbìmọ̀ yẹn títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní 2018. Ìpinnu nípa ìtọ́jú ìyá àti bàbá àwọn ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè gbé gba ẹ̀yìnkùlé.

Irọ́ náà sì ní ipa tirẹ̀. Ní 2009, àbá kan wà pé kí Medicare máa sanwó fún dókítà tó bá jókòó pẹ̀lú aláìsàn láti jíròrò irú ìtọ́jú tí aláìsàn náà fẹ́ ní òpin ayé rẹ̀. Sarah Palin, olóṣèlú kan tó tako òfin Obama, ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa pinnu ẹni tí yóò kú ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Kò sí òótọ́ níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àbá náà kúrò, ó sì di 2016 kí Medicare tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí iye àwọn ìdílé tí kò rí ẹni bá wọn sọ ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ilé aṣòfin wa ní Àbújá àti ti àwọn ìpínlẹ̀ fi ṣe àwòkọ́ṣe ni ilé iṣẹ́ kan tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní, tí à ń pè ní CBO, tó ti wà láti ìgbà tí òfin ọdún 1974 dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iye tí àbádòfin kọ̀ọ̀kan yóò ná àti ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kì í dá àwọn aṣòfin nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ní 2017, nígbà tí wọ́n fẹ́ fagi lé òfin Obama, CBO sọ pé bí àbádòfin tí ilé aṣojú-ṣòfin gbà bá di òfin, mílíọ̀nù 23 ènìyàn sí i ni kò ní ní adójútòfò tó bá fi máa di 2026. Nọ́ńbà yẹn wọ ẹnu gbogbo ìlú. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù keje, àbádòfin tí wọ́n tún gé kúrú ṣubú ní ilé aṣòfin àgbà pẹ̀lú ìbò 51 sí 49, John McCain, tó wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé e wá, sì wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́. Ìṣirò CBO kì í fìgbà gbogbo bọ́ sí i gẹ́lẹ́; nígbà tí wọ́n mú owó ìtanràn kúrò lórí ẹni tí kò ní adójútòfò, iye àwọn tó jáde kò tó bí wọ́n ti rò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi bí wọ́n ti ṣírò hàn, ẹni tó bá sì fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ará Abẹ́òkúta tún béèrè:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì wa sí etí ìgbọ́ ìyá aláṣọ, ó sì ní kí n bá òun kí i. Ìbéèrè kan ló kù fún ìyá wa ní Ìbàdàn. Dókítà ni Olusegun Mimiko, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, olóṣèlú sì ni. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, kí onímọ̀ fúnra rẹ̀ wá dupò?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbàdàn dáhùn:

Ó ṣe dáadáa, mo sì gbóríyìn fún un. Ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ ní 2009. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní àdúgbò wọn, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ tó ń gbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ dókítà ló jẹ́ kí ó mọ ibi tí ikú ti ń wọlé: aboyún kì í tètè pinnu láti lọ, kì í tètè rí ọkọ̀, kì í sì í tètè rí ìtọ́jú bí ó bá débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yí padà ní 2017, ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ilé ìwòsàn náà. Dókítà rere ní ipò gómìnà kò lè rọ́pò ìlú tó mọ ohun tó tọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ lè ṣe ní Abẹ́òkúta. Ìlànà owó ìdá 1 yẹn ní kí wọ́n yan ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí owó sì máa wọ inú àpò báńkì ilé ìwòsàn náà tààrà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ètò ìnáwó tí ilé ìwòsàn bá kọ, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ lọ bèèrè èwo ni ti wọ́ọ̀dù yín. Ẹ ní kí ọ̀gá ilé ìwòsàn fi ètò ìnáwó oṣù mẹ́ta tó kọjá hàn yín, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi yan oògùn tó yàn, nítorí ìyẹn ni iṣẹ́ ìmọ̀ tirẹ̀. Bí owó kò bá dé, ẹ kọ lẹ́tà sí aṣojú yín ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, kí olùkọ́ yẹn bá yín kọ ọ́, kí ìyá aláṣọ sì kó àwọn ọlọ́jà Ìtòkú lẹ́yìn láti fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání fún ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Yóò wúlò fún un nígbà tí òun pẹ̀lú bá lọ bèèrè owó náà ní olú-ilé iṣẹ́.